Adágún Ṣáàdì: Ìtàn Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Tí Kò Kọ́kọ́ Kó Gbogbo Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn Mọ́ra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ìtàn àjọ tí ó ń mójú tó Adágún Ṣáàdì hàn pé bí òwe yìí ti kan odò náà ni ó kan àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1964, ni Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Niger àti Ṣáàdì fọwọ́ sí ìwé tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ ní Fort-Lamy, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena lónìí. Wọ́n fẹnu kò pé orílẹ̀-èdè kankan kò ní dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ó lè pa omi náà lára láìkọ́kọ́ fi tó àjọ létí. Àdéhùn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Odò Chari àti Logone tí ó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni ó ń gbé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi adágún náà wá. Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni Chari ti ṣẹ̀, síbẹ̀ kò sí lára àjọ títí di àwọn ọdún 1990.

Kí ó tó dìgbà náà, ọ̀dá ti ṣọṣẹ́. Adágún tí ó tó 25,000 kìlómítà níbùú lóòró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ti sún kì sí bí 2,000 ní àárín àwọn ọdún 1980. Nàìjíríà ti gbèrò láti fi omi rẹ̀ bomi rin oko tí ó tó 67,000 hẹ́kítà ní Borno, ṣùgbọ́n omi fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Àwọn apẹja Nàìjíríà tọ omi lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì fi Darak ṣe ibùgbé. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé dá Darak fún Kamẹrúùnù ní ọdún 2002, ẹni tí ó ti ń pe ibẹ̀ ní ilé di àlejò.

Ní ọdún 2012 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà tó fọwọ́ sí ìwé òfin omi tí ó fún ará ìlú láǹfààní láti gbọ́ nípa ètò omi wọn, kí wọ́n sì dá sí i.

Òótọ́ ni pé omi ti padà wọlé díẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Kò yẹ kí olùkọ́ máa kọ́ ọmọ pé adágún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ wọn ni pé ìpàdé àwọn olórí nìkan kì í dáàbò bo omi. Ẹni tí ó wà lórísun, apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.