Etí Àdúgbò Ọlọ́lá: Ilé Wíwá ní Èkó, láti Ọbaléńdé dé Màrókò

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń tú orúkọ ìlú àti ti àdúgbò palẹ̀ ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí orúkọ àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Èkó fi máa ń jẹ́ odidi gbólóhùn, tí ti àwọn olówó kì í sì í rí bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ wo Ìkòyí: kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú rẹ̀ tí a lè tọ́ka sí láìfi àròsọ kún un. Victoria Island ńkọ́? Orúkọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n Ọbaléńdé, Sùúrùlérè àti Ajégúnlẹ̀ ní olùwà, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Àkókò kò gbà mí láti dáhùn tán ní ọjọ́ náà, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì. Etí ni a fi ń gbọ́ràn. Etí náà ni a sì ń pe ibi tí nǹkan parí sí: etí aṣọ, etí odò, etí àwo. Ẹ̀bá sún mọ́ ọn ní ìtumọ̀, bí ó ti wà nínú ẹ̀bá ọ̀nà, àti nínú Ẹ̀bá-Ọ̀dàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó di Ìbàdàn. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wọn ni pé etí jẹ́ ara nǹkan gan-an, nígbà tí ẹ̀bá jẹ́ ìtòsí rẹ̀. Ẹni tí kò lówó láti gbé ní àárín àdúgbò tí ó wuyì, tí kò sì fẹ́ jìnnà sí i, ẹ̀bá ni ó máa ń rí ilé sí. Ejẹ́ǹtì tí ó bá a wá ilé náà ni yóò máa sọ fún un pé etí ni.

Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Nígbà ìjọba Gómìnà William MacGregor (1899 sí 1904), wọ́n gbẹ́ odò kan láti fa omi àbàtà kúrò, odò náà ni ó sì wá di ààlà láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ìhà kejì rẹ̀ ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Lugard ṣe òfin ìlú ní 1917, ìlànà tí ó sì fi lélẹ̀ fún àdúgbò òyìnbó káàkiri Nàìjíríà ni pé kí ilẹ̀ gbalasa tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàrin wọn àti ilé àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwíjàre: wọ́n ní èyí tí ó bá jẹ aláwọ̀ dúdú kò níí lè fò dé ọ̀dọ̀ aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n kúùkù, ológbà àti ọmọ-ọ̀dọ̀ ń sùn ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá wọn. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀fọn mọ ẹni tí ó ń gba owó oṣù.

Ibùsùn àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí ni a ń pè ní bọ́ìsì-kọ́tà. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní dìgírì, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, lè máa wá bọ́ìsì-kọ́tà háyà ní Ìkòyí, kí inú rẹ̀ sì dùn bí ó bá rí i. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ariwo ta, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà dópin. Láti ìgbà náà ni àdúgbò òyìnbó ti ń di àdúgbò àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba. Àwọ̀ kọ́ ni ó ń ti ènìyàn síta mọ́, owó ni.

Ọbaléńdé wà ní ìhà Ìkòyí nínú odò náà, ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ìtàn tí àwọn àgbà Èkó ń sọ ni pé àwọn ọmọ-ogun Haúsá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó jọ láti ìgbà Glover ni wọ́n ṣí nídìí kúrò níbi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ọba tí ó lé wọn kì í ṣe Ọba Èkó. Ìjọba òyìnbó ni. Ní ti gírámà, mo gbà pé "ọba lé ni dé" ni ìpìlẹ̀ orúkọ náà. "Ni" yìí ni arọ́pò-orúkọ tí ó wà nínú "ó dùn mọ́ ni" àti "ó ń yọ ni lẹ́nu". Nígbà tí a pa ìró i rẹ̀ jẹ, n nìkan ni ó kù tí ó fara ti "dé". Àwọn kan ń sọ pé "ń" tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni. N kò gbà, nítorí pé a ò rí olùwà tí "ń dé" yóò jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù nínú orúkọ náà ni pé ẹni tí ó sọ ọ́ kò dárúkọ ara rẹ̀. Kò ní "ọba lé mi", kò sì ní "ọba lé wa". Ni lè jẹ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ibi tí wọ́n lé ènìyàn dé yìí di ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń du. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí tàbí ní Erékùṣù lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Dodan Barracks, níbi tí àwọn olórí ìjọba ológun ti ń pàṣẹ fún gbogbo Nàìjíríà kí ìjọba tó kó lọ sí Àbújá ní 1991, kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń yan sùyà lálaalẹ́.

Ní Erékùṣù fúnra rẹ̀, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB, pé kí ó wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra, kí ó sì tún ìlú tò. Yábà wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ pín ilẹ̀ sí fún àwọn tí ó ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n èrò kò yé wọ Èkó: ìkànìyàn 1931 ka 126,108, ti 1950 ka 230,256. Ní 1955, ìjọba pinnu láti wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín Erékùṣù, kí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí bí ní ṣe bá èrè pàdé di lérè, gẹ́gẹ́ bí ó ti bá owó pàdé di lówó: sùúrù ní èrè. Orúkọ náà kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ Sùúrùlérè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀mọ̀wé kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàrin àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí ó ṣẹ́kù, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun náà dára: omi wà, àyè wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń tajà lójúde ilé ní Erékùṣù pàdánù àwọn oníbàárà tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Owó ọkọ̀ wọlé sínú ìnáwó. Ẹbí tí ó ń gbé agbo ilé kan náà fọ́n ká, àgbàlagbà tí ọmọ àti ẹ̀gbọ́n ń gbé oúnjẹ fún sì rí i pé ọ̀nà ti jìn sí wọn. Mo ti ka ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì tíì rí èyí tí ó ṣàlàyé ju ú lọ ìdí tí ènìyàn fi lè kọ ilé tí ó dára, kí ó sì yan ilé tí ó sún mọ́.

Nígbà tí ó ṣe, Sùúrùlérè náà di àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń wá. Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1972 fi kún òkìkí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san owó ilé níbẹ̀ a wá a sí Àgùdà, sí Ìtirẹ́, tàbí sí Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó. Gbólóhùn mìíràn rè é o: Ìjẹ̀ṣà tẹ̀ dó.

Kí ni ó mú kí ilé dínwó ní ẹ̀bá? Èmi a máa kọ́kọ́ wo ìlà ààlà. Ní 1954, wọ́n yọ Èkó kúrò lára Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Mushin àti Ajégúnlẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ààlà náà, wọ́n wà lábẹ́ Ìbàdàn títí di 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Òfin ilé kíkọ́ tí ó le ní Èkó kò nípá lẹ́yìn ààlà yìí. Onílé lè kọ́ yàrá mẹ́jọ mẹ́wàá tí ó kọjú síra, kí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́yìn, kí ó sì gba owó tí òṣìṣẹ́ èbúté lè san. Láti 1921 ni wọ́n ti ń kọ́ èbúté Apápá, iṣẹ́ wà níbẹ̀, ilé àwọn ọ̀gá sì wà nítòsí iṣẹ́ náà. Ajégúnlẹ̀ ni ilé àwọn tí ń gbé ẹrù. Títí di òní, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bọ́ńdìrì. Ajé gúnlẹ̀ sí Apápá lóòótọ́. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi orúkọ yẹn pe ilé tiwọn.

Èmi náà ti gbé ẹ̀bá rí. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, mo ń wá yàrá sí ìtòsí Àkókà, mo sì bá a dé Bàrígà. Màmá onílé wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló mọ̀ ọ́ níbí?"

"Bàbá tó ń rán bàtà lẹ́nu géètì yẹn ló mú mi wá, mà."

"Ṣé o máa ń wọlé lóru?"

"Rárá o, mà. Ìwé ni mò ń kà."

"Ìwé kì í sì í pẹ́ ènìyàn níta? Ó dáa, wá wo yàrá. Aago mọ́kànlá ni mò ń ti géètì, ọmọ mi."

Bí ó ṣe bi mí ní ìbéèrè yìí ni ó ti bi gbogbo ayálégbé rẹ̀. Ààbò tí a ní nínú ilé yẹn kò ju kọ́kọ́rọ́ kan àti ìmọ̀ Màmá lọ, ó sì tó wa.

Ṣùgbọ́n ààbò mìíràn wà tí kọ́kọ́rọ́ kò lè pèsè. Màrókò wà ní ẹ̀bá Victoria Island àti Ìkòyí, láàrin ọ̀sà àti òkun. Awakọ̀, kúùkù àti ẹ̀ṣọ́ ń gbé ibẹ̀. Olùkọ́, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi owó ọdún púpọ̀ kọ́lé. Bí omi bá gba ojú ọ̀nà, wọn a to pákó kí wọ́n lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, wọn a sì lọ síbi iṣẹ́. Ìwé tí ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́wọ́ ni rìsíìtì tí ìdílé onílẹ̀ já fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣẹ ìjọba ológun ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nínú oṣù Keje 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó nígbà náà, fún wọn ní ọjọ́ méje péré. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi lè gbé e lọ, pé ó sì dọ̀tí. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata wọlé, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá sì wà pẹ̀lú wọn. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Wọ́n kó àwọn díẹ̀ lára àwọn onílé lọ sí fúláàtì tí kò tíì parí ní Ìlàsàn àti Ìkòtá. Ti ayálégbé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Òkun kò gbé ilẹ̀ Màrókò lọ. Wọ́n da yanrìn sí i, àwọn ilé olówó ńlá sì wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ lónìí kò lè mọ̀ pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí, àfi bí ó bá ka irú ìwé bíi GraceLand (2004), ìtàn-àròsọ tí Chris Abani gbé kalẹ̀ sí Màrókò. N kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mu ju lé lọ, lé kan náà tí ó wà nínú Ọbaléńdé.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ayálégbé ní 2011, pé kí onílé má ṣe gba owó tí ó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, wọ́n yọ àdúgbò mẹ́rin sílẹ̀ tí òfin náà kò kàn: Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti àdúgbò àwọn ọ̀gá ìjọba ní Ìkẹjà. Lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ààlà òyìnbó ti parẹ́, ẹ ó rí i pé ìlà náà ṣì wà níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ, àwọn ará ẹ̀bá ti wọlé. Láti 2003 ni ìjọba ti so méjèèjì pọ̀ fún ìṣàkóso: Ìkòyí-Ọbaléńdé ni agbègbè ìdàgbàsókè náà ń jẹ́, lábẹ́ Etí-Ọ̀sà. Bí ẹ bá sì dúró ní Ọ̀ṣódì ní àárọ̀, ẹ ó gbọ́ bí àwọn kọ́ńdọ́ dáńfó ṣe ń pe èrò: "Ọbaléńdé! Ọbaléńdé!" N kò tíì gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn pe Ìkòyí rí.