Igi Oṣè Ẹdẹ-Ilé àti Ohun Ìrántí Àwọn Ìlú Kékeré

Bí àlejò bá wọ abúlé kan ní ilẹ̀ Họ́ńgárì, kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó kan òkúta tí a fín orúkọ ènìyàn sí lára. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1917 ni ó pa á láṣẹ fún ìlú ńlá àti ìletò pé kí wọ́n gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ wọn tí ó kú sójú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà yóò mọ ẹni tí ìlú ń ṣọ̀fọ̀, láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Bí àlejò kan náà bá yà sí Ẹdẹ, tàbí sí Ará tí ó wà nítòsí rẹ̀, àfi kí ó béèrè. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ òkúta gbẹ́. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ń bẹ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ère òkúta Èsìẹ́ sì pọ̀ débi pé a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wa fi mọlé, òjò a sì máa wó amọ̀. Igi, odò, ojúbọ àti ojú ọjà ni ó ń ṣẹ́kù, wọn kò sì ní àkọlé.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé ní ayé Aláàfin Kòrí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń jí oníṣòwò gbé ní agbègbè ọjà Apòmù. Aláàfin rán Tìmì, ògbójú ọdẹ, láti lọ fòpin sí i. Ibùdó rẹ̀ ni ó di Ẹdẹ. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná yìí àti Gbọ́nńkáà ni Dúró Ládípọ̀ gbé sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So ní 1963, tí ó sì gbé eré náà dé ìlú Berlin ní 1964.

Ṣùgbọ́n ibi tí Ẹdẹ wà lónìí kọ́ ni Tìmì kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ẹdẹ-Ilé ni ibùdó àkọ́kọ́, kí àwọn ènìyàn tó ṣí kúrò níbẹ̀. Ilé wọn ti wó, ṣùgbọ́n igi oṣè ṣẹ́kù. Igi ọ̀dàn ni oṣè, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lápá òkè ni ó ti wọ́pọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sá ewé rẹ̀ fún ọbẹ̀ lúúrú. Kì í ṣe igi tí ènìyàn ń retí ní agbègbè odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran wa ilẹ̀ Ẹdẹ-Ilé, ó rí àpáàdì tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bá ti Ọ̀yọ́-Ilé mu, ó sì rí egungun ẹṣin. Ó fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó tẹ ibẹ̀ dó, àti pé igi oṣè wà lára àmì tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ní Ẹdẹ-Ilé, igi àti àpáàdì jẹ́rìí àrọ́bá.

Ẹdẹ titun náà ní ohun ìrántí tirẹ̀. Ààfin ń bẹ, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, ti lu ìlù fúnra rẹ̀ tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù. Ṣàngó ní olùsìn níbẹ̀. Tìmì Lágúnjú sì wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní 1907 gba Ẹdẹ kọjá.

Ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953 àti ní 1979. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun ajogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Òfin nìkan kọ́ ni ó gba igbó náà là. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, pẹ̀lú Susanne Wenger àti àwọn oníṣọ̀nà tí ó bá a ṣiṣẹ́, dúró tì í nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ dáko. Igi oṣè kò ní ọdún tí ọ̀kẹ́ àìmọye èrò ń wá ṣe. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn, igi ni. Ẹni tí ó ní àáké lè gé e lóòjọ́, ẹ̀rí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin a sì bá a lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Kò sí ìlú tí ó kéré jù láti ní irú igi bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n bi àgbà tí ó ń gbé nítòsí léèrè ẹni tí ó gbìn ín àti ìdí tí ó fi gbìn ín, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ àkọlé fún igi tí kò ní àkọlé.