Ìwà

Ara «wà» ni «ìwà» ti jáde: pé èèyàn wà, àti irú ẹni tó jẹ́. Òun ni ọ̀rọ̀ tí mo yàn fún ohun tí a ń pààrọ̀ bí a bá tún géèmù Mass Effect (2007) ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Akọni kan náà, Shepard, ogun kan náà. Lẹ́ẹ̀kan ó tutù bí omi àmù, lẹ́ẹ̀kejì ó le koko.

N kò pè é ní «ìṣe», torí ìṣe máa ń parí. Nínú Undertale, tí Toby Fox gbé jáde lọ́dún 2015, ẹni tó bá pa gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀ títí dé òpin, tó sì gbà láti fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, lè padà wá ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Àbàwọ́n ṣì máa hàn nínú ìparí ìtàn rẹ̀. Géèmù náà ń rántí.