Ọ̀nà tí Precious Achiuwa gbà kúrò ní Port Harcourt

Ẹ̀yin ará wa, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì dé ibi gíga, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Port Harcourt tí a fi ṣe ilé yìí náà bí ọ̀kan, a kì í sì í sọ ìtàn rẹ̀ tó. Precious Achiuwa ni. Orúkọ ọ̀hún kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ìyẹn ò sì ní ká má bá a yọ̀.

Ibí yìí ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run làwọn òbí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá. Olajuwon náà, gólì ló ń ṣọ́, ó sì ń gbá handball kó tó kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Ọmọ tó bá ti ń lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kiri láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá, á mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà lójijì. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, kì í ṣe ẹni tí wọ́n á kàn gbé dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ bí òpó. Á sá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn dé iwájú, á ṣọ́ kúkúrú, á ṣọ́ òmìrán. Ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wá rí lára Precious nìyẹn.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe rí i? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, God'sgift, ló ti lọ ṣáájú. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Erie Community College, ó sì bọ́ sí yunifásítì St. John's ní New York ní ọdún 2011. Àwa tí a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa: ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ, á gba yàrá kan, àbúrò á wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí Olajuwon dé Houston ní 1980, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, takisí ló wọ̀ lọ sí yunifásítì. Precious ní tiẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n.

Kíláàsì kẹjọ ló wà nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Ó lọ sí Our Saviour Lutheran ní Bronx, ó lọ sí St. Benedict's ní Newark, ó tún lọ parí ní Montverde ní Florida. Òbí tiwa tó bá gbọ́ pé ọmọ pààrọ̀ ilé-ìwé báyẹn á ní ṣé ó ń dáràn ni! Ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Montverde làwọn ògbójú ọmọ ti ń pàdé, ibẹ̀ sì lojú àwọn yunifásítì máa ń wà. Ní 2019 wọ́n mú un sí eré McDonald's All American. Kansas àti North Carolina wà lára àwọn tó ń wá a, Memphis ló gbà fún ní oṣù Karùn-ún, lọ́dọ̀ Penny Hardaway.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn. James Wiseman, ọmọ gíga tí gbogbo ayé ń retí, ló yẹ kó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Eré mẹ́ta péré ló gbá. Àjọ NCAA fòfin dè é, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Precious tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pápá ló wù ú wá di ẹni tó ń bá àwọn òmìrán wọ̀yá ìjà. Kò ráhùn. Ó ń jẹ àmì 15.8 nínú eré kan, ó ń gba bọ́ọ̀lù 10.8 tó bá ta padà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje AAC lápapọ̀, ọmọ ọdún kìíní sì ni! Kòrónà ló dá sáà náà dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Miami mú un ní ipò 20. Ó ti gbá fún Toronto àti New York lẹ́yìn náà, ó sì bá D'Tigers lọ sí Tokyo ní 2021.

Nígbà tó fi wà níbí, kò sí ìdíje BAL. 2021 ló bẹ̀rẹ̀, Rivers Hoopers tiwa wà níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n sì gba ipò kẹta ní 2024. A yọ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ àgbà nìyẹn o. Ọmọ ọdún 13 tó ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, tí kò ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun, ta ló máa rí i? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá a ní ilé-ìwé ní ìlú yìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tó ti ń gbá a.