Nígbà tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gba Èsì: Ìtàn Adènà Ìpolówó

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ní ọjà Odò-Orí nílùú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà títí di òní: ẹni tó bá gbé ọjà kalẹ̀ tí kò lanu pe oníbàárà, àfàìmọ̀ kí ọjà rẹ̀ má kùtà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí oníbàárà bá mi orí tó sì kọjá, ìpolówó parí síbẹ̀. Ọlọ́jà kì í tẹ̀ lé e délé, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ igbe òun. Ìtàn adènà ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìtàn bí òfin yìí ṣe bàjẹ́, àti bí àwọn òǹkàwé ṣe gbìyànjú láti dá a padà.

Ìpolówó ti kúrò lẹ́nu ọlọ́jà wọ inú ìwé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, ìkéde àwọn olówò sì wá ń bá ìròyìn pín ojú ewé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á yóò ṣí ewé náà kọjá. Ní 1935, Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó ń fi wáyà gbé ohùn wọ ilé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ rédíò, nítorí pé òun nìkan ló ń sọ, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Tẹlifíṣàn WNTV dé sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, àwòrán sì kún ohùn. Síbẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ, onílé sì lè pa á nígbà tó bá wù ú.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, 1994 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lọ́jọ́ náà, HotWired ní Amẹ́ríkà gbé pátákó ìpolówó sí ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ti ilé-iṣẹ́ AT&T wà lára wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, ìpolówó ti ń fò sójú òǹkàwé láìjẹ́ pé ó pè é. Èyí tó burú jù ni pé ó ń ṣọ́ ènìyàn. Ẹni tó wá bàtà lánàá yóò tún rí bàtà lónìí níbi tó ti ń ka ìròyìn òfò. Ará Ìwó, tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ odídẹrẹ́, kò nílò àlàyé púpọ̀: ẹyẹ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé náà ni yóò tún un wí níta.

Ọdún 2002 tí Yunifásítì Bowen ṣí ilẹ̀kùn n'Ìwó ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Denmark kan, Henrik Aasted Sørensen, ṣe ètò kékeré kan tó pè ní Adblock. Búráúsà Phoenix, tó di Firefox lẹ́yìn náà, ló ṣe é fún. Rick Petnel bẹ̀rẹ̀ àkójọ àdírẹ́sì ìpolówó tó ń jẹ́ EasyList ní 2005, Wladimir Palant sì gbé Adblock Plus jáde ní 2006. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyí: bí ènìyàn bá ṣí ojú ewé ìròyìn, búráúsà a tún máa ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn láti gbé ìpolówó wá. Adènà a máa fi àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wé àkójọ; èyí tó bá wà níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà jáde. Ìpolówó náà kò ní kúrò níbi tó wà, kò sì ní jẹ dátà ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, ibi dátà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dun ènìyàn. Fóònù ni ọ̀pọ̀ fi mọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì ra dátà ló ń san owó ọkọ̀ fún ìpolówó tí kò ránṣẹ́ pè. Opera Mini, tó gbajúmọ̀ nítorí pé ó ń fún ojú ewé pọ̀ kí dátà lè pẹ́, fi adènà sí inú ara rẹ̀ ní 2016. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ NCC pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé ẹni tó bá fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kò gbọdọ̀ rí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti wá gba èsì.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú. Ní 2011, Eyeo, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ni Adblock Plus, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ìpolówó tí kò da ènìyàn láàmú kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, títí kan Google, ń sanwó kí tiwọn lè kọjá. Bí oníbodè ayé àtijọ́ ṣe ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò ni adènà náà ṣe wá di oníbodè. Axel Springer, atẹ̀wé-ìròyìn, gbé e lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin, 2018, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Jámánì dá Eyeo láre. Raymond Hill, tó gbé uBlock jáde ní 2014, kọ̀ láti gba kọ́bọ̀. Bí kò tilẹ̀ gbowó, Google tó ni búráúsà Chrome, tí ìpolówó sì ni orísun owó rẹ̀ tó tóbi jù, yí ìlànà Chrome padà. Láàárín 2024 sí 2025, uBlock Origin kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Google ní nítorí ààbò ni.

Ẹni tó tún ń jìyà ni akọ̀ròyìn. Owó ìpolówó ló ń san owó oṣù rẹ̀, adènà kì í sì í bi í bóyá ilé ìròyìn kékeré tó ń kọ Yorùbá ni tàbí òmìrán. Òmìrán lè san owó ibodè. Kékeré ni yóò kọ́kọ́ kógbá sílé. Síbẹ̀, èrò pé olè ni òǹkàwé tó lo adènà kò dúró. Ní oṣù Kejìlá, 2022, FBI Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gba ará ìlú nímọ̀ràn láti lò ó, nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìpolówó. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí a má fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ polówó ọjà fún un.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà sí ohun tí Abẹ́òkúta mọ̀ ní 1859. Ìpolówó tí olóòtú fúnra rẹ̀ gbà, tó sì tẹ̀ sí ojú ewé ara rẹ̀ láìṣọ́ ẹnikẹ́ni, adènà kì í sábà dá a dúró. Ilé ìròyìn tó bá lè padà sí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kò ní nílò láti san owó ibodè fún ẹnikẹ́ni, òǹkàwé rẹ̀ kò sì ní wá ẹ̀ṣọ́ tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.