Bọ́ńdù owó àtijọ́ tí wọn ò tíì tú: ṣé ká sanwó kí wọ́n wá máàkì rẹ̀?

Ní oṣù August 2022, wọ́n ta páálí pẹlẹbẹ kan ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Páálí lásán ni o, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Àwòrán Mickey Mantle tó ń gbá baseball ló wà lára rẹ̀, iléeṣẹ́ Topps ló tẹ̀ ẹ́ ní 1952. Gbogbo ìgbà tí ìtàn yẹn bá tún yọjú lórí ayélujára, ẹnì kan á gbé fọ́tò bọ́ńdù náírà àtijọ́ tó rí nínú àpótí màmá àgbà sí abẹ́ rẹ̀. Á ní ìwé báńkì ṣì wà lára ẹ̀, wọn ò tíì tú u rí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo ti lówó báyìí?"

Ẹ jókòó. Ó gùn díẹ̀. 🧵

Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wo káàdì, kọ́ìnì tàbí owó bébà, kí wọ́n sọ bóyá ojúlówó ni, kí wọ́n fún un ní máàkì bí tíṣà ṣe ń máàkì ìwé, kí wọ́n wá sé e mọ́ inú rọ́bà líle tó mọ́ gaara. PSA ń ṣe ti káàdì láti 1991, 10 ni òpin máàkì wọn. Ti owó bébà, PMG ló lókìkí jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n wà, 70 sì ni òpin máàkì tiwọn. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ SGC ló fún káàdì Mantle yẹn ní 9.5.

Báwo ni páálí tó ti tó àádọ́rin ọdún ṣe mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ní àárín àwọn ọdún 1980, oníṣòwò káàdì kan tó ń jẹ́ Alan Rosen ra páálí ẹrù kan ní Massachusetts. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì 1952 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọwọ́ ọmọdé tó kàn wọ́n rí. Inú ẹrù yẹn ni Mantle olówó ńlá ti jáde. Ní 1991, 50,000 dọ́là péré ni wọ́n tà á.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá ìtàn náà dúró sí. Ẹrù tí wọn ò tú, ọlà dé, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Sy Berger, ẹni tó ṣe ètò káàdì náà fún Topps, sọ pé èyí tí wọn ò rí tà kún ilé ẹrù wọn títí wọ́n fi lọ dà á sínú òkun ní nǹkan bíi 1960. Èyí tí àwọn ọmọdé rà ńkọ́? Wọ́n fi ṣeré, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó lè máa pariwo, ìyá wọn kó o dànù. Ìyẹn ló jẹ́ kí ti Rosen níye lórí.

Nígbà tí àwọn èèyàn wá rí i pé káàdì ń di owó, gbogbo wọn gbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn iléeṣẹ́ tẹ káàdì jáde bí ẹni ń lọ elùbọ́, àwọn èèyàn sì ń rà á ní páálí-páálí, wọn ò tú u, wọ́n ń dúró de ọjọ́ ọlà. Títí dòní, páálí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn wà tí owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ó mọ́, kò tú, ó tiẹ̀ lè gba 10. Gbogbo àdúgbò ló sì ní irú ẹ̀ nílé.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ká padà sílé.

Kí náírà tó dé, kí pọ́n-ùn òyìnbó tó dé, owó ẹyọ là ń ná. Ogójì ẹyọ lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn, ó di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, ó di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ọ̀kẹ́ yẹn, àpò ni! Nígbà tí ìyá ẹ bá ní "ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló wá síbi ìnáwó yẹn", àpò owó ló fi ń ka èèyàn.

Erékùṣù Maldives ni ẹyọ yẹn ti ń wá. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó ló ń kó o wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ra èèyàn lẹ́rú, ẹ má jẹ́ ká fojú fo ìyẹn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí ẹyọ mìíràn ní Zanzibar, tó tóbi jù, tó sì pọ̀ yanturu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó o wá sí Èkó àti etíkun ìwọ̀-oòrùn wa. Lọ́dọọdún ni ẹyọ ń pọ̀, tí ohun tí ọ̀kẹ́ kan lè rà ń kéré. Ẹ wá wo ẹni tó ri àpò tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìyẹ̀wù. Kò sí ẹyọ kan tó fọ́ nínú ẹ̀, okùn ò já. Bí PMG bá wà láyé nígbà yẹn, wọn ì bá fún un ní máàkì tó ga. Owó rẹ̀ ṣì ti lọ.

Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Máàkì ń sọ bí nǹkan ṣe mọ́ tó. Kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ń wá a.

Ẹ wo owó Biafra. Ní January 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó bébà Nàìjíríà, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlà-oòrùn sì di ẹtù. Biafra gbé owó tiwọn jáde lóṣù yẹn gan-an, wọ́n tún gbé òmíràn jáde ní 1969. Ogun parí ní January 1970, owó náà sì kú mọ́ ọ. Ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ní báńkì, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n fún un. Lónìí, ẹ lè rí pọ́n-ùn kan Biafra ti 1969 rà ní owó péréte, tuntun gbinrin, tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra, torí púpọ̀ ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò ná. Ti 5 pọ́n-ùn àti 10 pọ́n-ùn ló ṣọ̀wọ́n. Orílẹ̀-èdè kan náà, ogun kan náà, ọdún kan náà. Ìtàn tó wọni lára tó báyìí ò ní kí èyí tó pọ̀ di ọ̀wọ́n.

Ó kan náírà báyìí. January 1, 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé. 20 náírà tó ní àwòrán Murtala Mohammed dé ní 1977. Ní 1984, ìjọba Buhari ti bodè, wọ́n yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kó ti àtijọ́ wá sí báńkì láàárín ọjọ́ díẹ̀. (Ọdún yẹn ni ariwo àpótí 53 sọ, àwọn àpótí tó gba pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kọjá láìjẹ́ pé aṣọ́bodè tú wọn wò. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àpótí tí wọn ò tú, ìyẹn ni bàbá gbogbo wọn.)

Ká ní màmá àgbà gba bọ́ńdù 20 náírà aláwọ̀ tuntun kan lọ́dún yẹn, ó sì fi pamọ́. Ẹyọ 100 ni, 2,000 náírà. Ẹ dì mọ́ nǹkan o: ní báńkì, náírà kan ju dọ́là kan lọ ní 1984. Ju 2,000 dọ́là ló tò sínú àpótí yẹn! Kí màmá tó lè gba owó rẹ̀ padà, ẹnì kan ní láti ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan ju 20 dọ́là lọ. Irú 20 náírà yẹn sì ni wọ́n ń tẹ̀ lọ lórí bébà títí wọ́n fi sọ ọ́ di rọ́bà ní 2007. Ta ló fẹ́ rà á? Ilẹ̀ kékeré kan tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ì bá ti ṣe é lóore jù.

Èmi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n máàkì bọ́ńdù odindi. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé, kì í ṣe bọ́ńdù. Ẹ tún máa san owó kúríà lọ àti bọ̀. Ká ní ẹyọ kan tí wọn ò máàkì ń lọ ní 3 dọ́là, tí wọ́n bá máàkì rẹ̀ ó di 25, ṣùgbọ́n owó máàkì àti kúríà jẹ́ 30. Ẹ pàdánù 5 dọ́là, ẹ tún jẹ́ kí 3 tó yẹ kẹ́ ẹ rí lọ. Dọ́là 8 lórí ẹyọ kan, ìgbà ọgọ́rùn-ún, 800 dọ́là. Àti pé PMG máa ń kọ iye tí wọ́n ti máàkì nínú irú owó kọ̀ọ̀kan síta fún gbogbo ayé láti rí. Bẹ́ ẹ bá fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọjà yín di púpọ̀.

Tuntun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ tuntun náà ńkọ́? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú bí bébà ṣe ń ṣe nínú ooru àti ọ̀rinrin ìlú yìí. Ìlàjẹ ní Bàrígà níbí, ẹ̀bá ọ̀sà la wà, aṣọ inú àpótí pàápàá ń hu. Bọ́ńdù lè mọ́ lókè, kí àmì pupa ti wà láàárín, kí ìwé báńkì ti gé etí owó wọlé, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti mu ìdọ̀tí. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ láìtú u, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa máàkì rẹ̀ láìtú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́jú 1,000 náírà tuntun ti 2022 ńkọ́? Mo rántí February 2023, gbogbo wa la rántí. À ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS, bọ́ńdù tuntun sì dà bíi wúrà. Ní March 3, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná ti àtijọ́ lọ, ni bọ́ńdù tuntun bá padà di owó lásán. Tuntun àti àtijọ́ jọ wà ní ọjà títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ san owó máàkì fún, ẹyọ kan tàbí méjì ni. Bébà ti West African Currency Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ jù. 5 pọ́n-ùn CBN tí wọ́n kọ 15 September 1958 sí lára, bó bá mọ́. Nọ́ńbà tó yàtọ̀ nínú bọ́ńdù, bíi 000001. Irú èyí, ayédèrú lè wà nínú ẹ̀, olùrà á sì fẹ́ ẹ̀rí kó tó fọkàn tán yín. Ẹ̀rí yẹn lẹ̀ ń ra lọ́wọ́ PMG, kì í ṣe ọlà.

Ti kọ́ìnì: sílè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1913 sí 1920, fàdákà wà nínú wọn. Èyí tó pupa bí idẹ, láti 1920 lọ ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ o! Dídán tó ń dán yẹn ló ń ba máàkì jẹ́.

Òfin náà wà ńlẹ̀. Abala 21 nínú òfin CBN ti 2007, tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ná owó lóde àríyá, òun náà ló sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa ta owó bébà tàbí kọ́ìnì tí CBN bá gbé jáde. Títọ́jú ò burú. Kẹ́ ẹ tó ta bọ́ńdù náírà lórí ayélujára, ẹ bi lọ́yà. Owó WACB àti ti Biafra kì í ṣe CBN ló gbé wọn jáde.

Bẹ́nì kan bá sì sọ fún yín lórí WhatsApp pé òun fẹ́ ra kọ́bọ̀ yín ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ bulọ́ọ̀kù ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó bá ní bébà WACB nílé, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ìka bo nọ́ńbà díẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ibí. Mo fẹ́ rí wọn.