Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìjọ

Ẹ rántí àwọn tó wà nínú Ẹ́sírà orí kejì, tí wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé ìdílé tí wọn ò rí i, tí wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Irú ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ tó ń wá baba ńlá wọn ní Skọ́tílándì.

Kó tó di 1855, ìjọba ibẹ̀ kì í kọ ìbí sílẹ̀, ìwé ìjọ ni wọ́n gbójú lé. Mary Slessor tó wá sí Calabar pàápàá, 1848 ni wọ́n bí i. Lọ́dún 1783, wọ́n bu owó-orí pẹ́nì mẹ́ta lé orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ìjọ bá kọ. Pẹ́nì mẹ́ta o! Ọ̀pọ̀ òbí mú ọmọ lọ ṣèrìbọmi, wọn ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Kì í ṣe pé wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́, owó-orí ni wọ́n ń sá fún. Ó di 1794 kí wọ́n tó fagi lé e. Nígbà tó tún di 1843, àlùfáà tó lé ní 450 bínú fi Ìjọ Skọ́tílándì sílẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ sì tẹ̀ lé wọn. Ìwé àtijọ́ ò mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí àwa máa ń sọ ni pé, ẹ wá ikú rẹ̀. Ẹni tó bá kú lẹ́yìn 1855, ìwé ikú rẹ̀ sábà máa ń dárúkọ bàbá àti ìyá, pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyá náà. Bí ìyẹn ò bá sí, ẹ yẹ ìwé ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà wò, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ṣàgbèrè wí. Ọmọ tí ìwé ìrìbọmi gbójú fò, ibẹ̀ lẹ lè ti bá orúkọ ìyá rẹ̀, àti ti ọkùnrin tó fún un lóyún.